Dùùrù Oníná ní Deer Park

Bí ìgbà tí wọ́n bá fi ṣíbí kan ife gíláàsì ni dùùrù oníná náà ṣe ń dún, kedere, láìsí èémí kankan nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ni mí ní Houston nígbà náà. Mò ń gbé lọ́dọ̀ alàgbà ìjọ wa nínú apartment kan ní Brays Oaks, èmi ni mo sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orin tí wọ́n ń pè ní new wave ti gba rédíò: gìtá fà sẹ́yìn, dùùrù oníná bọ́ síwájú, ẹ̀rọ ń lu ìlù, akọrin á sì máa kọrin bí ẹni tí inú ń bí tí kò fẹ́ ká mọ̀.

Ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan tí a jọ wà ní kíláàsì ìṣirò, tó máa ń kun ojú ní dúdú, ló ní kí n wá tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ olórin òun. Mo ní orin ìjọ nìkan ni mo mọ̀. Ó ní ìka ni òun nílò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olórin. Mo fá irun mi ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo rò pé gbogbo ayé ń wò mí. Alàgbà nìkan ló wò ó. Wọ́n bi mí bóyá ojú ń dun báábà tó fá a.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo máa ń sọ fún alàgbà pé láíbìrì ni mò ń lọ, bẹ́ẹ̀ gáráàjì bàbá ọmọbìnrin náà ní Deer Park ni, níbi tí òórùn ilé iṣẹ́ ìfọpo rọ̀bì tó wà nítòsí ti ń bá wa kọrin. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju oṣù mẹ́ta lọ. À ń ṣeré nínú mọ́ọ̀lù kan ní Greenspoint nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí alàgbà, páálí bàtà tuntun tí wọ́n wá rà lọ́wọ́ wọn, láàárín àwọn ọmọ onírun aláwọ̀ ewé. Ìka mi ṣìnà. Wọ́n dúró títí a fi parí, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé.

Nígbà tí a dúró níwájú ilé, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Màá fi orin náà sílẹ̀.”

“Orin kọ́ ló dùn mí,” ni wọ́n wí. “Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbàdúrà pé kí ìwé yé ọ ní láíbìrì. Ta ni mò ń gbàdúrà fún?”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún wọn pé Deer Park ni mò ń lọ. Wọ́n ní kí n rọra wakọ̀ lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ náà.

Ẹgbẹ́ náà kò pé ọdún kan. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ọmọbìnrin náà, wọ́n sì kó lọ. Lónìí, ọmọ mi obìnrin ń gbọ́ irú orin yẹn lórí fóònù rẹ̀, ó ń pè é ní orin àtijọ́. Mo sọ fún un pé èmi náà ti tẹ irú rẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín, kò gbà mí gbọ́. A kò gba orin wa sórí kásẹ́ẹ̀tì rí, alàgbà tí ì bá jẹ́rìí mi sì ti sùn nínú Olúwa.