Ọjọ́ Tí Mo Bi Alùpùpù Mi Ṣubú

Ariwo òkun tó ń ṣeré yàtọ̀ sí ariwo òkun tó ń jẹ ilẹ̀. Èyí tó ń ṣeré a máa dún ṣàà, bí ẹni ń da gaàrí sínú àwo. Èyí tó ń jẹ ilẹ̀ a máa dún gbì lábẹ́ ẹní tí èèyàn sùn lé, bí ẹni ń fi ọmọ odó gún ilẹ̀ lásán. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, èyí tó ń dún gbì ni à ń gbọ́ ní Araromi lójoojúmọ́. Nígbà tí mo gbé ìyàwó mi wọlé, ilé mẹ́ta ló wà láàárín ilé wa àti etí omi. Nígbà tí ọmọ wa fi ń rá, ilé kan ló kù. Mi ò lè jókòó lójú kan. Màá ri igi mọ́lẹ̀ létí omi láàárọ̀, màá padà lọ wò ó nírọ̀lẹ́ bóyá ó ṣì wà. Ìyàwó mi a ní, "Bàbá Ọmọ, bó o bá ń wò ó báyìí, ṣé òkun máa tijú ni?"

Iṣẹ́ ẹja ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń fa epo lábẹ́ òkun wa, omi náà ti di ẹni tí a kò mọ ìwà rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọ̀n á gòkè wá ní dúdú, a ó sì fi kẹrosíìnì nù ún kí a tó fọwọ́ kan ẹja díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Èmi náà bá wọn ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibi ìfapo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní kí a máa lọ sílé, a sì lọ. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni mo fi ra alùpùpù àlòkù kan, pupa, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya. Mo fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ mi kúrò létí òkun lọ sí Òkìtìpupa, kí n máa fi gbé èrò níbẹ̀. Mo ti rí yàrá kan. Ìyá onílé ti kìlọ̀ fún mi pé télọ̀ kan náà ń wo yàrá yẹn, pé bí òun kò bá rí wa kí oṣù tó parí, òun á fún un. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn àgbà kan náà ló ní wàràwàrà là á yọ oró iná. Mo mú èyí tó bá mi lára mu.

Ìyàwó mi yí alùpùpù náà po bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ẹja àná fún.

"Ọkọ̀ ojú omi tó bá dojú dé, èèyàn á lúwẹ̀ẹ́," ó ní. "Èyí tó bá dojú dé ńkọ́? Ṣé inú iyanrìn la ó ti lúwẹ̀ẹ́?"

"Kò ní dojú dé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni mo máa gùn ún."

"Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń béèrè."

Kì í ṣe pé ó lójo. Mo ti rí i tó ń wa ọkọ̀ kékeré wọ inú ìgbì tí àwọn ọkùnrin dúró wò láti èbúté. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí alùpùpù ṣubú lé ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ lórí iyanrìn etíkun wa. Sàlẹ́ńsà gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọn níṣan ẹsẹ̀, omi sì ti ń kún bọ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, kó wọ mọ́tò níbẹ̀, kí a pàdé ní Òkìtìpupa. Ó mi orí.

"Bí mo ṣe máa débẹ̀ kọ́ ni mò ń wí. Nǹkan yìí lo fẹ́ fi bọ́ wa. Bó bá ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ni èmi àti ọmọ máa jẹ níbi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan? Bó bá sì di pé kí o gbé wa, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni màá gbé sórí rẹ̀, tèmi méjì, tọmọ méjì. Wá ohun tó máa dáàbò bo ẹsẹ̀ sí i lára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi àti ọmọ ò kúrò níbí."

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn náà kì í yẹ̀.

Mo lọ ra bọ́ńpà ní Òkìtìpupa. Bọ́ńpà ni irin róbótó tí wọ́n tẹ̀ bí ìwo, tó máa ń yọ síta lọ́tùn-ún lósì níwájú ẹ́ńjìnì. Bí alùpùpù bá ṣubú, irin náà ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀, àyè á sì wà lábẹ́ fún ẹsẹ̀. Àwọn tó tà á fún mi ní, "Brọ̀dá, ẹ jẹ́ ká bá yín dè é." Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà náà. Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, kò sì sí ohun tí ìwé wà lára rẹ̀ tí mo gbà pé ó lè ju agbára mi lọ. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí bọ́ńpà náà. Mo jókòó síwájú ilé, mo tẹ́ ẹ sórí itan, mo sún ojú mọ́ ọn. Èdè Ṣáínà ni, látòkè délẹ̀. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nílé kejì sì ń wò mí. Mi ò fẹ́ kó mọ̀. Mo mi orí, mo yí ìwé náà padà, mo tún mi orí.

"Kí ni wọ́n wí?" bàbá náà béèrè.

"Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù."

"Ìwé náà mọ irú ẹni tó o jẹ́," ó ní.

Bóòtù mẹ́rin ló ń di bọ́ńpà náà mú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí a ki gbogbo wọn bọ ihò, kí wọ́n ṣì máa mì, kí a tó wá fi sípánà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fún àwọn ti òkè pa. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ihò irin àti ihò alùpùpù kò rí ara wọn mọ́. Mo fi òkúta lu irin. Mo fi ẹsẹ̀ tì í. Apá òsì gbà. Lápá ọ̀tún, níbi tí sàlẹ́ńsà wà, bóòtù ta yọ lọ́wọ́ mi, ó sì wọ inú iyanrìn lọ. Iyanrìn wa kì í dá nǹkan padà. Mo fọwọ́ wà á títí, mo wọlé lọ mú asẹ́ tí ìyàwó mi fi ń sẹ́ edé.

"Gbé e kalẹ̀," ó ní láti ẹ̀yìn ààrò. "Edé ni mo fi ń sẹ́, kì í ṣe irin."

"Òní loṣù parí. Ọjọ́ ń lọ."

"Kó máa lọ. Asẹ́ mi ò bá a lọ."

Mo bá mú okùn àwọ̀n. Ọmọ apẹja ni mí. Mi ò tíì rí ohun tí okùn kò lè dè. Mo we okùn náà mọ́ apá ọ̀tún bọ́ńpà, mo wé e, mo tún wé e, mo ta á ní kókó tí ìgbì kò lè tú. Mo fi aṣọ nu táǹkì títí ó fi ń dán. Mo wá pe ìyàwó mi kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ó jáde wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ àti ìtì igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan léjìká. Ó wo bọ́ńpà náà láti òsì dé ọ̀tún. Ojú rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí okùn. Ó tẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sórí ilẹ̀ líle níwájú ilé ìdáná.

"Gbé e wá síbí, kó o bì í ṣubú."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Apá ọ̀tún ni kó gbà ṣubú. Ẹsẹ̀ mi nìyí," ó fọwọ́ kan igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Bì í lù ú."

Iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá ìyàwó mi tó ti kú ń ṣe. Bí ọkùnrin náà bá kan ọkọ̀ tán, yóò wọ́ ọ lọ síbi tí omi kò jìn, yóò sì dojú rẹ̀ dé níṣojú ẹni tó ni ín. Àwọn mìíràn a máa bínú, torí pé wọ́n ti kun ọkọ̀ wọn ní ọ̀dà. Á ní, "Kò sí ọkọ̀ tí kì í dojú dé. Èyí tí a bá ti rí bó ṣe ń dojú dé la lè gbé ọmọ sí." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí, mo sì ti fi rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé mo ti fẹ́ ọ̀rọ̀ náà wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Mo kọ̀. Mo ní èèyàn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó fẹ́ fi jẹun jẹ́. Mo ní táǹkì á tẹ̀, iná iwájú á fọ́. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí akéde.

"Ẹ dákun," bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe ké láti ilé kejì, "ẹ jẹ́ kí n parí ojú àwọ̀n yìí kí ẹ tó bì í. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ kí n má rí i."

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo gba etí omi lọ. Ilé ìdáná ilé kan tó kù níwájú wa ti bómi lọ. Ó wà níbẹ̀ lánàá. Ìkòkò kan ló kù, tí ìgbì ń yí síwá sẹ́yìn. Mo dúró díẹ̀, n kò rí ohun tí mo lè fi ìdúró náà ṣe. Mo padà sílé, mo taari alùpùpù náà dé ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì bì í.

Irin kanlẹ̀. Okùn yọ̀. Bọ́ńpà ká sínú, gbogbo alùpùpù náà sì jókòó lé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìbẹ́pẹ tó ti rà mọ́lẹ̀. Omi rẹ̀ ta sí mi lójúgun.

Bàbá tó ti ń dúró láti rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ọmọ wa rọ̀ sílẹ̀ ní ìbàdí ìyá rẹ̀, ó ń jù ú. Mo wo ẹsẹ̀ náà. Mo wo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ó dáa," ìyàwó mi ní. "A ti mọ̀ báyìí." Ó sì lọ gé òmíràn wá.

Bàbá náà gbé agolo kan wá bá mi, tó kún fún oríṣiríṣi irin tó tú lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ti kú. "Mú níbẹ̀, Ọ̀gá Onísùúrù," ó ní. Mo rí bóòtù kan tó bá ihò náà mu, irú irin tí omi iyọ̀ kì í jẹ. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ara mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fún ẹyọ kan kí gbogbo wọn tó wọlé. Nígbà tí mo fún wọn tán, mo fi gbogbo agbára mi fa bọ́ńpà náà, kò mì. Mo tún bì í.

Irin kanlẹ̀, ó ró gan-an. Alùpùpù náà gbọ̀n, ó sì fara ti bọ́ńpà, kò wólẹ̀ tán. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, odindi. Ìyàwó mi fà á kúrò. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ àyè náà. Ó jù ú síbí, ó jù ú sọ́hùn-ún, ó yọ ọ́.

"Gbé e dìde," ó ní. "Ó ku ẹ̀gbẹ́ kejì."

Mo bì í sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Táǹkì tí mo nù kò dán mọ́. Ó wò ó, ó wọlé lọ, mo sì jókòó sílẹ̀. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa palẹ̀ ẹrù mọ́ ni, pé omi á ti kún kí a tó lè gba orí iyanrìn, pé ó di ọ̀la, pé télọ̀ á ti gba yàrá. Mi ò tíì parí ìṣirò náà tó fi jáde. Ẹrù kan ṣoṣo ló gbé, tó dì sínú aṣọ funfun. Aṣọ náà ti pọ́n. Èéfín ẹja ti wọ̀ ọ́ lára, eérú sì ti kún inú kókó rẹ̀. Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ààrò.

Mo la ẹnu láti béèrè. "Omi ń kún," ó ní. Mo gun alùpùpù, ó sì jókòó sẹ́yìn mi tọmọtọmọ.

"Ẹ máa ṣubú dáadáa o!" bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe kí wa.

A ṣubú lóòótọ́, bí gbogbo ẹni tó ń gun iyanrìn ṣe ń ṣubú. A gbọn aṣọ wa, a dìde. Ìyá onílé ń gbálẹ̀ yàrá náà lọ́wọ́ nígbà tí a débẹ̀. Télọ̀ kò tíì gbà á.

Ilé wa ti Araromi ti wà lábẹ́ omi tipẹ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń pọn ọmọ tirẹ̀. Ìyàwó mi ti lọ, àìsàn ló mú un, kò sì pẹ́ púpọ̀ lórí ibùsùn. Ní gbogbo ìgbà tí a jọ gbé, mi ò yé ronú nípa ẹrù yẹn. Mo ti rò pé èmi ni mò ń fa ìrìn àjò náà, pé òun ló ń dá a dúró. Ìgbà wo ló wá dì í? Ṣé kí n tó ra bọ́ńpà? Ṣé kí n tó ra alùpùpù pàápàá, nígbà tí mo ṣì ń ri igi mọ́lẹ̀ létí omi? Ìgbà kan ṣoṣo ni mo bi í léèrè. Ara rẹ̀ kò yá nígbà náà, mò ń bá a fọ ẹsẹ̀.

"Ẹrù ọjọ́ yẹn," mo ní, "ìgbà wo lo dì í?"

"Ẹrù wo?"

Ó mọ ẹrù tí mò ń wí. Ó yíjú sí ògiri kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì sínú abọ́, mo ń fọ̀ ọ́ lọ. Mo rò pé mo ṣì máa béèrè lọ́jọ́ mìíràn. Ní báyìí, kò sí ẹni tí mo lè bi.