Àkàrà Tó Máa Ń Kọ́kọ́ Gun Kẹ̀kẹ́

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé tó kọjá gan-an ni agogo kẹ̀kẹ́ dún lábẹ́ fèrèsé mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ojú oorun ni mo wà tí òórùn àkàrà ti gba imú mi. Mo dìde jókòó. Kò sí àkàrà níbì kankan. Agogo ló tàn mí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó lọ sí yunifásítì, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò wa ní àṣà kan. Bí a bá yọ irin kẹ̀kẹ́ kúrò, ọwọ́ ará àdúgbò ni gbogbo nǹkan wọn ti ń wá. Bàbá Láwàní oníṣẹ́ awọ ló ń rán ìbòrí ìjókòó wọn, awọ pupa tó máa ń kun ìdí ṣòkòtò wọn bí òjò bá pa á. Ìyá Múfú ló ń dín àkàrà tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó gbéra. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nínú epo, ewé ni wọ́n ń fi dì í, wọn a so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kápútéènì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbéra.

Nígbà tó yá, Múfú fúnra rẹ̀ di kápútéènì. Ó ti ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Igbosere nígbà náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣáájú wọn, ìyá rẹ̀ so àkàrà mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Múfú tú u.

“Màmá, epo yìí ń ba ṣòkòtò funfun wa jẹ́. A ti ra búrẹ́dì ní Apọ́ngbọ̀n.”

“Kápútéènì ti di òyìnbó!” ni ẹnì kan ké lẹ́yìn.

Ìyá ò pariwo. “Múfú, epo yìí náà ló ra kẹ̀kẹ́ tó o jókòó lé.”

Múfú tẹ agogo. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

Ìyá dín ẹ̀wà lílọ̀ tó kù tán, bí ẹni pé wọ́n ń padà bọ̀. Àwa ọmọdé ló jẹ ẹ́. Ó dùn lẹ́nu mi, omi sì ń bọ́ lójú mi; títí di òní, n kò rí orúkọ tí mo lè fún ohun tó ṣe mí. Kò dáná fún wọn mọ́. Kò pẹ́ tí ìbòrí rọ́bà fi dé, Bàbá Láwàní sì di ẹni tó ń lẹ bàtà ní Jankara.

Ẹgbẹ́ náà ló wá tẹ agogo fún mi ní Sátidé yẹn. Wọ́n ní kí n wá jẹ kápútéènì, torí pé mo ti kàwé. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ bá wọn, Ìyá Múfú rí wa láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n agbada àkàrà ṣì wà lára ògiri, ó ń fi epo pa á kó má baà dípẹtà.

“Ọmọ mi, ṣé kí n rẹ ẹ̀wà ní Jímọ́ọ̀?”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ jẹ́ n rò ó, Màmá.” Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí: bí mo bá ní kó rẹ ẹ́, tí wọ́n tún gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú rẹ̀ láìjẹ ẹ́ ńkọ́?

Jímọ́ọ̀ lọ̀la. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n sọ fún un?