Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Jẹ Ẹsẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Mo kúnlẹ̀ kí i nílé wọn l'Ọ̀kà, kò ní kí n dìde. Ó ń wo apá mi bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́.

"Ìyàwó, ṣé bó o ṣe máa rí bí igi ìṣáná yìí náà nìyí? Kí aráyé lè sọ pé ebi là ń fi pa ọ́?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Orí sìmẹ́ǹtì ni orúnkún mi wà títí ó fi jẹ iṣu rẹ̀ tán.

Báyọ́lọ́jì ni mo kọ́ àwọn ọmọ n'Íkàrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé họ́mọ́nù inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bóyá oúnjẹ yóò di ẹran líle tàbí ọ̀rá. Tèmi yan ẹran líle. Mo ń ru omi gun òkè Ọ̀kà, àwọn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi ló ń ṣàánú mi.

Láìpẹ́ yìí, ogbó dé, àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí kan náà, wá rù díẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé wọn á ní àwọn ọmọ òun kò tọ́jú òun. Ló bá lọ ra oògùn amúnisanra wẹ́wẹ́ lọ́jà Ìkàrẹ́. Mo ka ara páálí rẹ̀.

"Àǹtí mi, irú họ́mọ́nù kan lèyí o. Á kó ọ̀rá sí yín lójú àti níkùn, á sì máa jẹ ẹran itan yín. Ẹ má sì ṣàdédé dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú. Ìgbà tí ìwọ ò sanra, ta ló dí ọ lọ́wọ́?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ rogodo. Ikùn ń ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń kí i: "Màmá, ẹ ń jayé o! Ọmọ yín ń gbìyànjú!" Kò sẹ́ni tó wo abẹ́ ìró, níbi tí ẹsẹ̀ ti di ti lékeléke.

Lọ́jọ́ kan mo bá a lórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Ó tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, kò lè dìde. Ó tún un ṣe, ìdí rẹ̀ tún padà sórí àpótí. Èmi kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó rere, pẹ̀lú ewú orí mi, mo sì dá dìde láìdi nǹkan kan mú. Mo dúró.

Ó wo orúnkún mi, ó wo tirẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ìyàwó, dókítà wo lo ní ká lọ rí? Jọ̀ọ́, fà mí dìde."