Bàbá Tó Ń Pe Ẹyẹ ní Kọmíṣánnà

Ohùn bàbá àgbẹ̀ onírẹsì kan ní Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, kò kúrò létí mi. Oyè ìjọba ló fi máa ń lé ẹyẹ lóko: “Kọmíṣánnà, dìde níbẹ̀! Sẹ́nétọ̀, o ò tíì yó?”

Lọ́dún tí owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ kò dé, Àkúrẹ́ ń di ẹ̀bi ru Àbújá, Àbújá ń dì í ru Àkúrẹ́. Mo ní, “Bàbá, ta ló jẹ̀bi?”

Ó ní, “Lọ bi àwọn ẹyẹ. Àwọn nìkan ló ń wá síbí.”

Kò rówó ra ajílẹ̀, kò sì gbin ìrẹsì mọ́. Nígbà tí mo padà lọ, koríko ti bo oko. Òun nìkan ló wà lábẹ́ àtíbàbà. Ó fọ́n ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì ọjà sílẹ̀, ó ń pè jẹ́jẹ́ pé, “Kọmíṣánnà, ẹ máa bọ̀.”