Ọ̀nà Àbùjá Tí Wọ́n Fi Géètì Dí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo láyà, ẹ bi í pé èmi wo ló ń sọ. Mo bẹ̀rù ajá, mo bẹ̀rù ọlọ́pàá, mo bẹ̀rù abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ irùngbọ̀n mi ti funfun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe ní Ìta Fàájì títí dòní. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé akọni kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ojo ni, àmọ́ inú ń bí ojo náà.

Ọ̀nà àbùjá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Àárín ilé àtijọ́ méjì ló gbà kọjá. Bí èèyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan á fẹ̀yìn ti ògiri kí èkejì tó kọjá. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ láti òpópónà tiwa, iwájú mọ́ṣáláṣí lẹ máa já sí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó là á, gbogbo àdúgbò ló sì ń gbà á: ẹni tó ń lọ kírun, ẹni tó gbé ìrẹsì bọ̀ láti Èbúté Èrò, ẹni tó rí ẹni tí kò fẹ́ rí níwájú.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn ju àwọn ẹbí mi kan lọ. Fèrèsé mẹ́fà ló ṣí sí i, rédíò sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́, ní fèrèsé àkọ́kọ́ ẹ máa gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbé bọ́ọ̀lù sá lọ. Ní fèrèsé kẹta wàásù ni. Nígbà tí ẹ bá dé ìkarùn-ún, wọ́n á ní ó ti wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ló wọlé ni tàbí ẹlẹ́ṣẹ̀ ló wọ iná. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ní: ẹ ò gbọdọ̀ kọjá láì kí ilé. Fèrèsé tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn, bí òkèlè tilẹ̀ wà lẹ́nu onílé.

Ọkùnrin kan tó ń ta mínírà lọ́pọ̀ ní Òkè Àrin wá háyà ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé inú ọ̀nà náà gbẹ, pé ó tutù, pé ó sì gùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan la jí, a bá géètì onírin lẹ́nu rẹ̀, tí kéréètì mínírà tò dé òkè fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá mẹ́fà ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì pé: KÒ SÍ Ọ̀NÀ NÍBÍ. Èmi tí mo ti ń gbabẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń rá, mo dúró, mo ń ka irọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ, mo sì ń mi orí bíi pé òótọ́ ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú ilé wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé bí ìyàwó ló ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ kírun Jímọ̀. Orúnkún rẹ̀ ti burú báyìí, àmọ́ ọ̀nà náà kò jìnnà, ògiri sì wà lápá méjèèjì tó lè fọwọ́ tì. Nígbà tí géètì dé, ó gbìyànjú àtiyípo gba títì. Ibẹ̀ ni ọ̀kadà kan ti gbá ìborùn rẹ̀ lọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣubú sétí gọ́tà. Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó sílé. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí ìpè ìrun ṣe ń lọ lọ́wọ́, pé, "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi ni mo máa tó padà dé mọ́ṣáláṣí yẹn."

Mo ní kí n lọ bá a bu omi.

Aránṣọ kan wà lókè ilé wa, ọmọ Èkìtì, ṣọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀, àmọ́ ọ̀nà àbùjá yẹn náà ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Òun ló ní ká kọ̀wé sí káńsù. Mo kọ ọ́. Nígbà tó kan ká fọwọ́ sí i, mo yí ìbuwọ́lùwé gbogbo wa ká bébà náà bí òṣùmàrè, kí wọ́n má baà mọ ẹni tó ṣíwájú. Aránṣọ yí bébà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Bọ̀dá, ẹjọ́ la kọ níbí àbí ẹ̀ ń ya táyà?"

Nígbà tí mo gbé e lọ, akọ̀wé káńsù náà yí i bẹ́ẹ̀. "Ta ni olórí yín?" ló bi mí. Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, pé àwọn máa wá wò ó. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sẹ́ni tó wá wo nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tó bá gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀ létí títì láti tà, àwọn káńsù yẹn kì í pẹ́ rí i.

Aránṣọ ló tún mú ìmọ̀ràn kejì wá. Ó ní, "Ṣé òfin ọ̀nà yẹn ti yí padà ni? Ẹni tó fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kí ilé. Ta ló wá ń gbébẹ̀ báyìí?"

Bó ṣe di pé gbogbo ẹni tí ì bá gba ọ̀nà náà ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oní-mínírà láàárọ̀, nígbà tí ọjà rẹ̀ bá gbóná, tí wọ́n ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ kú òwò o."

"Ẹ ṣé."

"Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ìyá wa ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Àwọn kéréètì ńkọ́? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?"

Èmi máa ń wà ní ìkeje tàbí ìkẹjọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kàn mí, ohùn mi lọ sílẹ̀ débi pé ọkùnrin náà na ọrùn. "Kí lẹ wí, Bàbá?" Mo ní, "Mo ní ẹ kú ooru ni." Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́.

Ká má purọ́, ó gbádùn mọ́ wa. Àmọ́ ó mọ́ òun náà lára. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń dá gbogbo wa lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà láì gbójú sókè: "Gbogbo yín, ẹ kú o, gbogbo wa la wà, kéréètì náà wà." Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. A ti di ohun ìgbádùn òwò rẹ̀. Èyí ló bí mi nínú ju géètì gan-an lọ.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti ọ̀pá rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó gbé ẹní ìrun rẹ̀ fún mi mú, ó rìn lọ síwájú géètì, ó sì dúró. Ọkùnrin náà rí àgbàlagbà. Ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mama."

Ìyá Àgbà kò dáhùn.

"Mama, ẹ káàsán mà."

Géètì ló ń wò. Ọjà dúró. Oníbàárà kan tó ti gbé kéréètì lé orí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe fún ìyá yìí?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan." Òógùn ti bo ìmú rẹ̀. "Àsàlámù àlékúmù, Mama."

Ìgbà yẹn ló tó lanu. "Ti Ọlọ́run, mo ti dá a lóhùn nínú mi. Tìrẹ, ọmọ mi, inú ọ̀nà ni mo ti máa ń dáhùn."

Oníbàárà náà ní òun kò lè gbé ọjà níbi tí àgbàlagbà ti kọ ìkíni, pé òun ní ọmọ nílé. Ẹlòmíràn náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá yọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kó kéréètì kúrò lápá kan. "Mama nìkan o," ló ń wí.

Ìyá Àgbà wọlé, ó ń fọwọ́ ti ògiri. Nígbà tó dé fèrèsé kẹta, ó yíjú padà. "Ẹni tó gbé ẹní mi dà?"

Ìta ni mo ṣì dúró sí. Aránṣọ tì mí lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ wọlé, Bọ̀dá, ọ̀pá Mama ń yọ̀, ó yẹ kí n dì wọ́n mú." Lójijì olúkúlùkù ló ní ohun tó ń bá Mama gbé: búùtà àlùwàlá, bàtà, agbòòrùn, ẹnì kan mú háńkáṣíìfù dání. Bí gbogbo wa ṣe tò wọlé nìyẹn. Láti inú lọ́hùn-ún, a gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà, kedere:

"Káàsán o, ọmọ mi."

Láti ìgbà náà ni a ti ń gbabẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, bí akàn. Géètì ṣì wà, ìdajì kéréètì ṣì wà, ọkùnrin náà sì ń sọ káàkiri pé òun ti yọ̀ǹda. Ó yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń sin Ìyá Àgbà bọ̀ láti Jímọ̀, ó fi ọ̀pá wọn ibi tó kù láàárín kéréètì àti ògiri. Ó ní, "Èyí gba ẹni tó ń rìn. Kò lè gba ẹni tí wọ́n gbé."

Mo ti kọ ìwé mìíràn sí káńsù. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá. Ó dà bíi pé adìyẹ ló kọ ọ́, àmọ́ òkè ló wà. Wọn ò tíì dáhùn. Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́sàn-án la ń lọ kí akọ̀wé yẹn lọ́fíìsì rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ká béèrè ilé, ká béèrè ọmọ. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ kí i, tí ohùn bá jáde.