Òfin Tí Mo Kọ Nítorí Ẹnì Kan

Àwa tí a máa ń jagun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní Peckham Rye kì í ṣe ọmọdé. Èmi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà tí mo dara pọ̀ mọ́ wọn. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, láti Peckham títí dé Bermondsey. Mò ń gbé wọn dìde, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń gba èébú lẹ́nu àwọn kan nínú wọn, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láíbìrì. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà tó ń ṣe eré ogun àtijọ́, bí àwọn òyìnbó ṣe ń jà kí ìbọn tó dé, pẹ̀lú idà igi àti asà. Mo ní èyí gan-an ni mò ń wá: ibi tí mo ti lè na èèyàn láìjẹ̀bi.

Ọ̀gágun wa, Yorùbá bíi tèmi ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́, dúdú àti funfun, ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Àgbà ni, nítorí náà "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, "sà" kì í sì í wọ́n lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, "ìwọ" ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

Oṣù kẹrin ni. A pín ara wa sí méjì láti ṣe ìdánrawò. Ẹnì kan fi idà gún mi níkùn, mo pariwo pé mo ti kú, mo sì dùbúlẹ̀ sórí koríko bí a ṣe máa ń ṣe. Ọ̀gágun sáré kọjá lára mi. Ó dúró. Ó padà. Ó gbé idà igi rẹ̀ sókè, ó sì là á mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Mo gbọ́ ìró egungun tó dá kí n tó mọ̀ pé ó ń dùn mí.

"Mo ti kú, sà!" mo kígbe.

"Òkú kì í sọ̀rọ̀," ó ní.

Nígbà tí wọ́n gbé mi jókòó, tí ọwọ́ ti ń wú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn tó kù má baà gbọ́: "Ìwọ ìyá yìí, ta ló fipá mú ẹ wá sójú ogun? Ṣé kíṣìnì ò tó ẹ ni?"

Kò bẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni POP fi wà lọ́wọ́ mi. Aládùúgbò mi, obìnrin ọmọ Jàmáíkà kan, ló ń bá mi so kọ́mú láràárọ̀. Bó bá ti ń so ó lẹ́yìn mi, màá dúró gbọnin, màá máa ro ohun tí màá ṣe fún ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé.

Àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo wá a. Ẹgbẹ́ kan láti Brockley fẹ́ wá bá wa jà nígbà ooru. Káńsù ní àwọn ò ní yọ̀ǹda pápá fún wa àfi tí a bá kọ òfin eré náà sínú ìwé, kí àwọn rí i pé a ò ní ṣe ara wa léṣe. Títí di ìgbà yẹn, ẹnu lásán la fi ń ṣòfin. Akọ̀wé wa, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pè mí lórí fóònù. Ó ní ṣebí mo wà nílé, ṣé mo lè bá wọn kọ ọ́?

"Tayọ̀tayọ̀," mo ní.

Mo da ọmọrí ìgò sórí tábìlì, mo tò wọ́n bí ọmọ ogun, mo sì fi èyí tó dípẹtà jù ṣe ọ̀gágun. Mo mọ ìṣe rẹ̀. Tí idà bá kan ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́sẹ̀, ṣe la máa ń kúnlẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ la ó sì ti máa jà lọ. Òun kì í kúnlẹ̀. Á máa rìn lọ bí ọba, á ní, "Kò kàn mí." Ta ló máa bá ọ̀gágun jiyàn? Nítorí náà, mo kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n lù ló máa sọ bóyá ó kan òun tàbí kò kàn. Ẹlẹ́rìí mẹ́fà á yí pápá ká. Tí méjì nínú wọn bá nawọ́ pé idà kan ẹnì kan lẹ́sẹ̀ tí kò sì kúnlẹ̀, ẹni náà ti kú. Àwọn òkú yòókù lè ka oókan dé ọgọ́rùn-ún kí wọ́n sì padà sójú ogun, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti parí fún ọjọ́ náà. Mo tún kọ ọ́ pé ẹni tó bá lu ẹni tó ti dùbúlẹ̀ kò ní bá wa jà mọ́ fún odindi ọdún kan. Mo ti ọmọrí tó dípẹtà yẹn síwá sẹ́yìn títí mi ò fi rí ibi tó lè gbà yọ.

Ní ìpàdé, ọ̀gágun fi awò ojú rẹ̀ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yọ awò.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ọpọlọ ẹ pé. Àwọn ará Brockley yẹn, òpùrọ́ ni wọ́n. Èyí á mú wọn."

Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ pé òun fara mọ́ ọn.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Láàárọ̀ ọjọ́ ogun, mo lọ bá obìnrin tó jẹ́ aṣáájú àwọn ará Brockley níbi tó ti ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo nawọ́ sí ọ̀gágun. Mo ní, "Ẹni gíga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wá."

Ó wo àmì ẹgbẹ́ wa tó wà láyà mi. "Ṣebí ọ̀gá yín nìyẹn?"

"Òun náà ni."

Ọwọ́ mi ò tíì lágbára, nítorí náà wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Fèrè dún, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé, asà ń kọlu asà. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin Brockley yẹn fi bẹ̀rẹ̀, tó sì la idà mọ́ ọ̀gágun lójúgun. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Ọ̀gágun ò tilẹ̀ wolẹ̀. Mo na ọwọ́ tó dá yẹn gan-an sókè. Lódìkejì, ọkùnrin tíṣà kan tó jẹ́ ẹlẹ́rìí wò mí, ó lọ́ra díẹ̀, òun náà nawọ́.

"Kò kàn mí!" ọ̀gágun kígbe.

"Ó kàn yín, sà. Ẹ ti kú. Ẹ lọ jókòó." Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo pápá lè gbọ́.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó máa gbè é. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Àwọn òkú ń kà, wọ́n ń dìde, wọ́n ń padà lọ, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Brockley ṣẹ́gun wa. Àwọn ènìyàn mi ń sá káàkiri bí adìyẹ tí kò ní olùtọ́jú, inú mi sì ń dùn débi pé orin ti ń jáde lẹ́nu mi.

Nígbà tó parí, mo rìn lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ kíṣìnì sẹ́nu, mo fẹ́ dá a padà fún un. Ó ti bọ́ bàtà kan. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ rin gbindin fún ẹ̀jẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ti wọ inú ẹran àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

"Ìgbà wo lèyí wọlé?" ó ń bi ara rẹ̀.

Mo ti rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú. "Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti ní ìtọ̀ ṣúgà?"

Ó bojú wẹ̀yìn. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Láti orúnkún wá sílẹ̀, bí igi ló rí."

Ayọ̀ mi gbẹ. Kò purọ́ nígbà tó ní kò kan òun. Mo lọ mú àpótí ìtọ́jú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo yọ òkúta náà, mo fọ ojú egbò. Ọwọ́ mi ò rọ̀ lára rẹ̀, kò kúkú mọ̀.

"Ti ẹsẹ̀ yé mi, sà," mo ní. "Ti ọwọ́ mi ńkọ́? Ojú yín ò kú ní tiẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di bándéèjì. "Mo rí i pé o ti dùbúlẹ̀," ó ní. "Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, o lù mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn rí i, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. O fi mí rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí."

Mi ò rántí. Títí di òní, mi ò rántí.

"Ẹ bẹ̀ mí," mo ní.

"Má bínú."

"Mi ò gbọ́, sà."

Ó tún un sọ, ó pariwo, àwọn tó ń kó asà jọ sì yíjú sí wa. Mo ní kó lọ rí dókítà ní ọjọ́ kejì. Mi ò bá a lọ.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo tún òfin ẹsẹ̀ ṣe: tí ẹlẹ́rìí bá ti nawọ́, ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí lè fọwọ́ kan ẹni náà léjìká kó lè mọ̀, kó sì kúnlẹ̀. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá òfin ẹni tó dùbúlẹ̀ ò le jù. Mo ní rárá. Mo tún fi kún un pé láti oṣù kẹrin ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ọ̀gágun. Òun ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ta kò mí.

Nígbà míì, mo máa ń kábàámọ̀ ohun tí mo sọ fún obìnrin Brockley yẹn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ mi tó fi gbogbo ọ̀sán yẹn sá lásán. Ti ọ̀gágun, rárá. Ó lo odindi ọdún tí òfin náà ní kó má bá wa jà pé. Ìyàwó rẹ̀ kì í kí mi mọ́ tí a bá pàdé ní Rye Lane. Èmi máa ń kí wọn, mo sì máa ń béèrè bí ẹsẹ̀ ọkọ wọn ṣe ń ṣe sí. Wọ́n ní ó ti jinná.