Ọjọ́ Tí Wọ́n Ba Èjí Màmá Mi Jẹ́

Eyín tó dá ṣáṣá ni wọ́n yọ lẹ́nu màmá mi, wọ́n sì fi èyí tó ń dùn wọ́n sílẹ̀.

Yunifásítì ni mo wà nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sin wọ́n láti Ajangbadi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Okokomaiko. Ẹ̀rọ tuntun tó ń ya àwòrán inú eyín wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó.

Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn wò ó.”

“Àbúrò, a ò tíì lè lò ó. Ọ̀gá àgbà ló máa wá gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀.”

Ló bá fi irin tẹ eyín iwájú méjèèjì tí èjí wà láàárín wọn, ó méfò, ó yọ ti ọ̀tún.

Ká tó padà dé Ajangbadi, abẹ́rẹ́ apàrora tí dókítà fún wọn ti tán lára wọn. Ti òsì ló ń dùn wọ́n. Màámi fi ìborùn bo ẹnu.

“Èjí yìí ni bàbá ẹ rí tó fi ń tẹ̀ lé mi kiri. Ṣé á ṣì dá mi mọ̀?”

“Màámi, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín, wọ́n á dá yín mọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, wọ́n sì tún yára bo ẹnu.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn náà, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ní kí eyín màmá mi máa dúró de ríbọ́ọ̀nù?